Orí Karùn-ún: Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Ìkọ́lé Kí Iná Igbó Tó Dé àti Lẹ́yìn Tó Bá Lọ

Àwọn ènìyàn méjì ni a kọ orí yìí fún. Èkíní ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí pláànù, tó ń yẹ ilé wò, tó sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé níbi tí iná igbó ti ń jà. Èkejì ni onílé, pàápàá ọmọ Yorùbá tó ti ra ilé sí California tàbí Colorado, tó fẹ́ mọ ohun tó lè retí lọ́wọ́ ọ́fíìsì yìí àti ohun tí ọ́fíìsì yóò béèrè lọ́wọ́ òun náà. Ohun kan la fẹ́ kí àwọn méjèèjì dì mú: ìlú tó bá tètè dìde lẹ́yìn iná ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kí iná tó ràn. Ètò tí a ti là sílẹ̀ ló ń mú iṣẹ́ yá. Ẹni tó bá ní kí á ju òfin ààbò nù kí ilé lè tètè dìde, iná ọjọ́ iwájú ló ń dá igi jọ fún.

Irú iná tí à ń sọ

Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ nílé mọ bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣe ń sọ koríko di ohun ìdáná. Ní California, afẹ́fẹ́ Diablo ní àríwá àti Santa Ana ní gúúsù ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn a máa fẹ́ bí ìjì. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 2017, iná Tubbs ràn nítòsí Calistoga. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fo òpópónà 101 wọ àdúgbò Coffey Park ní ìlú Santa Rosa. Ènìyàn 22 bá a lọ. Santa Rosa nìkan pàdánù nǹkan bí 3,000 ilé gbígbé, ìyẹn nǹkan bí 5% gbogbo ilé tó wà nílùú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 2018, iná Camp run ìlú Paradise: ẹ̀mí 85 lọ sí i, ilé tó sì jó lé ní 18,000. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2021, iná Marshall jó ilé 1,084 ní Louisville, Superior àti agbègbè wọn ní Colorado. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 2025, iná Eaton bẹ́ sílẹ̀ ní Altadena, iná Palisades náà sì bẹ́ sílẹ̀ ní etí òkun Los Angeles. Ilé tí àwọn méjèèjì run lé ní 16,000.

Ẹ fi ojú ọ́fíìsì kékeré wo iye wọ̀nyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀nba tó ń gba pláànù díẹ̀ lọ́sẹ̀ yóò jí lọ́jọ́ kan bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún onílé lẹ́nu ọ̀nà. Ní Paradise, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fúnra wọn wà nínú ohun tó jó. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò sùn lálẹ́ kò lè jókòó kọ òfin tuntun lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú iná.

Kí iná tó dé: iṣẹ́ mẹ́rin

*Ìkíní: ẹ kó ìwé ilé pamọ́.* Bí ilé bá jó tán, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí onílé yóò gbé wá ni pé, báwo ni ilé mi ti tóbi tó? Ìdáhùn rẹ̀ lówó lórí. Àṣẹ tí olórí ìlú Los Angeles, Karen Bass, pa ní oṣù Kìíní 2025 la ọ̀nà àbùjá fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ilé tó jó gan-an padà, bí ilé tuntun kò bá ti ju 110% ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí kò rí ìwé fi hàn kò lè fi ìdí 110% ohunkóhun múlẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé pláànù, ìwé àṣẹ, àwòrán ibi tí sọkàwéè wà àti ààlà ilẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ̀dà kan wà ní ìlú mìíràn tó jìnnà, nítorí iná tó bá jó ilé onílé lè jó ọ́fíìsì yín pẹ̀lú. Onílé náà kò gbọdọ̀ fi gbogbo rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́: kí ó ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ẹ̀dà pláànù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà níbòmíràn.

*Ìkejì: ẹ kọ òfin pàjáwìrì sílẹ̀ kí ó tó di dandan.* Láàárín oṣù tí iná Tubbs jó, ìgbìmọ̀ ìlú Santa Rosa gbé òfin kan jáde tó yọ̀ǹda ìrọ̀rùn fún àwọn àdúgbò tó jó. Tiyín náà lè wà nínú fáìlì, kí ó ku ọjọ́ àti orúkọ iná nìkan. Ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó láṣẹ láti dín owó ìwé àṣẹ kù, ọjọ́ tí ìrọ̀rùn náà yóò parí, irú ibùgbé ìgbà díẹ̀ tí a gbà láàyè, àti bóyá ilé àtijọ́ tí kò bá òfin ìsinsìnyí mu lè padà síbi tó wà. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ ìwé òfin ìkọ́lé ọdún wo ni a óò fi yẹ pláànù wò. California ń tún òfin rẹ̀ kọ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, òfin ìkọ́lé fún agbègbè iná igbó, tó ti wà ní Orí 7A ìwé òfin ìkọ́lé, ti ní ìwé tirẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ èyí tí ẹ ń tẹ̀ lé, awuyewuye kò ní tán láàárín ayàwòrán ilé àti òṣìṣẹ́ yín.

*Ìkẹta: ẹ bá ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ dá májẹ̀mú.* California ní ètò tí ìjọba ìbílẹ̀ kan fi ń ya òmíràn ní òṣìṣẹ́, EMMA ni wọ́n ń pè é. Láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, EMAC ni. Ẹ tún wá ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó lè pèsè àwọn tó ń yẹ pláànù wò, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n du iṣẹ́ náà ní gbangba kí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, má baà kọ̀ láti san owó rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ohun kan. Òfin àpapọ̀ ti 2018 tó tún ìgbòkègbodò lẹ́yìn àjálù ṣe gbà kí FEMA san owó òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ilé àti pláànù wò, ṣùgbọ́n 180 ọjọ́ péré ni, láti ọjọ́ tí ààrẹ bá ti kéde àjálù ńlá. Kíkó àwókù nìkan lè gba ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí pláànù àkọ́kọ́ tó dé tábìlì yín. Ìlú tó bá ń wá òṣìṣẹ́ ní oṣù kẹta lẹ́yìn iná ti jẹ ìdajì owó náà dànù.

*Ìkẹrin: ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ máàpù.* Coffey Park kò sí nínú agbègbè tí máàpù ìpínlẹ̀ sọ pé iná igbó léwu sí. Ilẹ̀ títẹ́ ni, ilé fara kan ilé, òpópónà ọlọ́nà mẹ́fà sì wà láàárín rẹ̀ àti òkè. Síbẹ̀ ó jó kanlẹ̀. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ẹ sì ka àdúgbò tó wà lọ́nà rẹ̀ mọ́ ibi eléwu, bí àwọ̀ máàpù kò tilẹ̀ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: káàdì aláwọ̀ mẹ́ta

Àyẹ̀wò méjì ló máa ń wáyé, àwọn ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ CAL FIRE, àjọ panápaná ìpínlẹ̀, ń lọ láti ojúlé sí ojúlé láti kọ bí ohun tó bàjẹ́ ṣe pọ̀ tó. Èyí tó bá bàjẹ́ ju 50% lọ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ pé ó ti run. Iṣẹ́ tiyín ni láti sọ bóyá ènìyàn lè wọlé láìséwu. Ìpínlẹ̀ California ń kọ́ àwọn ẹnjiníà, ayàwòrán ilé àti olùyẹ̀wò ilé tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ yìí, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Safety Assessment Program. Káàdì tí wọ́n ń lò wá láti inú ìlànà ATC-20, tí a kọ́kọ́ ṣe fún ilẹ̀ ríri. Àwọ̀ ewé: a ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lè wọlé. Àwọ̀ ìyeyè: ẹ lè wọ apá kan tàbí fún ìgbà díẹ̀, bí a ti kọ ọ́ síbẹ̀. Pupa: ewu wà, ẹ má wọlé.

Ẹ jẹ́ kí onílé gbọ́ ọ dáadáa pé káàdì pupa kì í ṣe àṣẹ pé kí wọ́n wó ilé. Kí òṣìṣẹ́ kọ ìdí tó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ilé yóò lóye, kí ó fi déètì sí i, kí ó sì kọ nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì.

Níbi tí ilé kò jó tán, ẹ yẹ àwọn ohun wọ̀nyí wò. Símínì tó dá dúró láìsí ògiri tó fara tì lè wó nígbàkigbà. Kọnkéré tí ooru ti bù lójú lè dà bí ẹni pé ó le, kí agbára rẹ̀ sì ti tán nínú. Irin pẹlẹbẹ tó so igi òrùlé pọ̀ lè ti tú kí igi fúnra rẹ̀ má tíì jó. Ìdérí sọkàwéè tó jẹ́ ike lè ti yọ́, kí eérú sì bo ojú ihò náà. Ẹni tó bá ń wá ohun ìní rẹ̀ kiri lè já sínú rẹ̀. Gbòǹgbò igi náà a máa jó lábẹ́ ilẹ̀, igi tó dúró ṣánṣán yóò sì ṣubú lọ́jọ́ tí kò sí afẹ́fẹ́ rárá.

Eérú àti àwókù

Eérú ilé kì í ṣe eérú igi lásán. Òjé inú ọ̀dà àtijọ́, àsìbẹ́tọ́ọ̀sì, bátìrì ọkọ̀ àti oògùn kòkòrò ti pò mọ́ ọn. Nítorí náà ìpele méjì ni iṣẹ́ náà máa ń ní. Ní àkọ́kọ́, EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò àyíká, tàbí àjọ ìpínlẹ̀ yóò ṣa ohun olóró jáde: sílíńdà gáàsì, ọ̀dà, bátìrì lithium. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kó eérú, irin àti àlàpà. Ní Los Angeles, àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà ló ṣe ìpele kejì fún onílé tó bá gbà á.

Gbígbà yẹn wà nínú fọ́ọ̀mù kan tó ń fún ìjọba láyè láti wọ ilẹ̀ onílé. Bí onílé kò bá fọwọ́ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ìpele kejì kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ tò ó sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ bá pín. Ẹ ṣàlàyé pé iṣẹ́ náà kò ní gba owó lápò rẹ̀, àmọ́ owó tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ bá yà sọ́tọ̀ fún kíkó àwókù yóò lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ kọ ọjọ́ ìkẹyìn sí i gàdàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba agbaṣẹ́ṣe tirẹ̀ láǹfààní bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ìwé àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà kan náà nípa ohun olóró.

Ọ́fíìsì ìkọ́lé kò gbọdọ̀ gbé ìwé àṣẹ ilé tuntun jáde láìrí ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí onílé bá fẹ́ lo ìpìlẹ̀ àtijọ́, kí ẹnjiníà dán an wò kí ó sì kọ lẹ́tà sí i. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ omi náà léèrè. Lẹ́yìn iná, wọ́n bá benzene nínú omi ẹ̀rọ ní àdúgbò Fountaingrove ní Santa Rosa àti ní Paradise, benzene sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ilé tuntun tí omi rẹ̀ kò ṣeé mu kò tíì di ilé.

Ibi tí wọn yóò gbé kí ilé tó parí

Àwọn ènìyàn a máa fẹ́ gbé ilé onítáyà wá sórí ilẹ̀ wọn. Ẹ kọ́ ọgbọ́n lára Paradise. Ìgbìmọ̀ ìlú náà kọ́kọ́ gbà kí àwọn onílé máa gbé inú ilé onítáyà lórí ilẹ̀ tí àwókù ṣì wà. FEMA sọ pé bí ènìyàn bá lè máa gbé láàárín àwókù náà, á jẹ́ pé ewu rẹ̀ kò tó èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń torí rẹ̀ náwó sí kíkó o. Nígbà tí owó ìmọ́tótó gbogbo ìlú fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ náà yí ohùn padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, àwọn tó ti kó padà sì tún kó jáde.

Ẹ jẹ́ kí òfin yín gbà á lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́ nìkan. Ẹ là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe rí omi, iná mànàmáná àti sọkàwéè lò, kí ẹ sì so ìwé àṣẹ náà mọ́ bí ilé gidi ṣe ń tẹ̀ síwájú, kí ìgbà díẹ̀ má baà di títí láé.

Tábìlì kan ṣoṣo

Onílé tí iná lé jáde kò gbọdọ̀ máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Santa Rosa dá ibùdó ìwé àṣẹ kan sílẹ̀ fún àwọn tí iná jó nílé nìkan, ó sì gba ilé-iṣẹ́ aládàáni láti bá a ṣe é, kí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìlú má baà dúró. Paradise náà ní ibùdó tirẹ̀, Building Resiliency Center.

Bí ẹ ó bá ṣe tiyín, ẹ kó àwọn wọ̀nyí sábẹ́ òrùlé kan: ẹni tó ń yẹ pláànù wò, ẹni tó mọ òfin lílo ilẹ̀, òṣìṣẹ́ panápaná, òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ̀ nípa sọkàwéè, àti aṣojú ilé-iṣẹ́ iná àti omi. Ẹ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ kan tí wọn yóò máa pè lórúkọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó ti sọ ìtàn rẹ̀ fún FEMA, fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti fún báńkì. Kí ó má tún máa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ pèsè pláànù tí a ti fọwọ́ sí ṣáájú, onírúurú ìwọ̀n, kí onílé kàn mú èyí tó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu. Àyẹ̀wò ìpìlẹ̀ àti ìwọ̀n ààlà nìkan ni yóò kù. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà ń ṣèrànwọ́: ní oṣù Kẹrin 2025, California kéde ètò Archistar fún àwọn tí iná jó nílé ní Los Angeles, láti yẹ pláànù wò kí ó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ lè tètè rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n ènìyàn tó láṣẹ ni yóò fọwọ́ sí i.

Kí onílé kọ́kọ́ mọ ọ́fíìsì tó ni ilẹ̀ rẹ̀. Pacific Palisades wà lábẹ́ ìlú Los Angeles, ṣùgbọ́n Altadena kò ní ìjọba ìlú tirẹ̀, abẹ́ káńtì Los Angeles ló wà. Ọjọ́ kan náà ni iná méjèèjì bẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ọ́fíìsì wọn, fọ́ọ̀mù wọn àti ìrọ̀rùn wọn yàtọ̀.

Ohun tí a lè dín kù àti ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Àwọn ìrọ̀rùn kan tọ́. Àṣẹ tí Gómìnà Gavin Newsom pa ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2025 yọ àyẹ̀wò òfin àyíká àti ìwé àṣẹ etí òkun kúrò lọ́nà àwọn tó fẹ́ tún ilé tó jó kọ́. Ní Louisville, ìgbìmọ̀ ìlú gbà kí àwọn tí iná Marshall jó nílé kọ́lé lábẹ́ òfin àtijọ́ lórí lílo agbára, nítorí owó tí òfin tuntun yóò dá lé wọn lórí. A lè dín owó ìwé àṣẹ, iye ààyè ìgbọ́kọ̀sí àti àkókò ìpàdé kù.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kúrò ni èyí tí kì í jẹ́ kí ilé gbiná. Ẹ wo ihò atẹ́gùn kékeré tó wà lábẹ́ ìdí òrùlé. Bí nẹ́ẹ̀tì onírin ojú rẹ̀ bá la ẹnu tó ìdá mẹ́rin ínṣì, ẹ̀ta iná tí afẹ́fẹ́ gbé láti ibi tó jìnnà yóò bá a wọlé, yóò balẹ̀ sórí páálí tí wọ́n kó sí àjà, ilé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti inú nígbà tí igbó tó ń jó ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Òfin California ní kí ihò nẹ́ẹ̀tì náà má ju ìdá mẹ́jọ ínṣì lọ, tàbí kí ihò atẹ́gùn náà jẹ́ irú tí a ti dán wò pé ẹ̀ta iná kò lè gbà á kọjá. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lára owó ilé. Òrùlé tí iná kì í tètè mú, gíláàsì fèrèsé tí a fi ooru le, ògiri ìta tí kì í gbiná, àti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún yíká ilé tí kò sí òdòdó gbígbẹ, ọgbà onígi tàbí igi ìdáná: gbogbo wọn wà ní ìlà kan náà.

Ẹ̀rí wà fún un. Nígbà tí àwọn oníròyìn McClatchy yẹ ilé tó wà lọ́nà iná Camp wò, nǹkan bí 51% ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí Orí 7A di òfin ní 2008 ni iná kò bà jẹ́. Nínú èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 18% péré ló bọ́. Òfin kọ́ ló dá nìkan ṣe é, nítorí ilé tuntun máa ń yàtọ̀ lọ́nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà tóbi ju ohun tí ọ́fíìsì kankan lè fojú fò dá lọ.

Onílé, ẹ ṣọ́ agbaṣẹ́ṣe

Lẹ́yìn gbogbo iná ńlá, àwọn oníjìbìtì á máa kan ilẹ̀kùn kiri. Ní California, ẹ lọ wo nọ́ńbà láísẹ́ńsì agbaṣẹ́ṣe lórí ìkànnì CSLB, àjọ tó ń fún wọn ní láísẹ́ńsì, kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ owó. Òfin kò gbà kí ó gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé tó ju 10% tàbí dọ́là 1,000 lọ, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí láìní láísẹ́ńsì níbi tí ìjọba ti kéde àjálù lè ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín léèrè bóyá ìwé yín bo iye tí òfin ìkọ́lé tuntun yóò fi kún owó ilé. Ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ pé apá yìí wà nínú ìwé wọn.

Àkójọ iṣẹ́ fún ọ́fíìsì

1. Gbogbo ìwé ilé wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ìlú mìíràn.
2. Òfin pàjáwìrì ti wà ní kíkọ, agbẹjọ́rò ìlú sì ti kà á.
3. Àdéhùn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ti di fífọwọ́sí. A mọ ẹni tí yóò ṣírò 180 ọjọ́ FEMA.
4. Káàdì aláwọ̀ mẹ́ta wà nílẹ̀, a sì mọ àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ lílò rẹ̀.
5. Fọ́ọ̀mù kíkó àwókù àti àlàyé rẹ̀ ti wà ní gbogbo èdè tí wọ́n ń sọ nílùú.
6. A ti mọ ilé tí ibùdó ìwé àṣẹ yóò wà àti àwọn tí yóò jókòó níbẹ̀.
7. Ó kéré tán, pláànù mẹ́ta ti gba àṣẹ ṣáájú.
8. A ti kọ àwọn òfin ààbò tí ẹnikẹ́ni kò lè dín kù, ìgbìmọ̀ ìlú sì ti dìbò lé e.

Ẹ yan ọjọ́ kan ní oṣù Kejì, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ ní California, kí ẹ fi ṣe ìdánrawò. Kí ẹnì kan ṣe bí onílé, kí ó gbé orúkọ òpópónà kan wá, kí ẹ sì wò ó bí ẹ bá lè rí pláànù rẹ̀, sọ òfin tó kàn án, kí ẹ sì yan òṣìṣẹ́ fún un láàárín wákàtí kan. Ohun tí ẹ kò bá rí ṣe lọ́jọ́ náà ni iṣẹ́ yín títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.